Pẹ́ẹ̀nì ńlá tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń fi dírọ́pà rọ íńkì sí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá nìyí, nígbàkígbà tí ẹnì kan bá ti rí pẹ́ẹ̀nì mi lórí tábìlì tí íńkì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ nínú ẹ̀ bí omi inú ìgò. Mo ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan náà kí ẹnu mi lè sinmi. Kálàmù làwọn kan ń pè é, gègé làwọn mìíràn ń pè é, àwọn tó ti pẹ́ láyé á ní tàdáwà ni íńkì, kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́ẹ̀nì àti íńkì ni màá máa lò kó má baà dà rú mọ́ wa lójú.

Kí ló yàtọ̀ nínú pẹ́ẹ̀nì yìí sáwọn fountain pen yòókù?

Ibi tí íńkì ń gbé ni. Ọ̀pọ̀ fountain pen òde òní, ìyẹn pẹ́ẹ̀nì tó ń fi irin ẹnu ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní níìbù kọ íńkì olómi, kátíríìjì kékeré kan tí íńkì ti wà nínú ẹ̀ ló wà níkùn wọn, tàbí kọnfátà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń yí tó máa fa íńkì látinú ìgò. Tiwa yìí ò ní ìkankan nínú méjèèjì, ikùn pẹ́ẹ̀nì fúnra ẹ̀ ni ìgò. Ẹ ó tú u, ẹ ó fi dírọ́pà rọ íńkì sínú ẹ̀ títí á fi kún, ẹ ó dé e padà, ó tán. Bí dírọ́pà tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú ṣe rí náà ni dírọ́pà ọ̀hún ṣe rí, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti wá, eyedropper.

Ohun tó sì jẹ́ kéèyàn fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ó ń gba íńkì bí ìkòkò. Kátíríìjì kékeré tó wọ́pọ̀ ń gba bíi 0.8 ml, kọnfátà mìíràn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́ẹ̀nì ńlá oní-dírọ́pà ń gba 3 ml, òmíràn ń lọ sí 4 ml. Ẹni tó ń kọ̀wé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣé nǹkan tuntun ni àbí ti àtijọ́?

Ti àtijọ́ pátápátá. Nígbà tí Lewis Waterman gba páténtì lórí fountain pen tiẹ̀ ní New York lọ́dún 1884, dírọ́pà náà ni wọ́n fi ń rọ íńkì. Nígbà tó yá ó sú àwọn èèyàn, torí ọwọ́ ń dọ̀tí, ni àwọn tó ń ṣe pẹ́ẹ̀nì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó máa fa íńkì fúnra ẹ̀, Sheaffer gba páténtì lórí tiẹ̀ lọ́dún 1908, èyí tó ní irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń gbé sókè, bí dírọ́pà ṣe di ohun ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Jàpáànù ò fi í sílẹ̀ ní tiwọn, fáàfù ni wọ́n fi kún un, mo ń bọ̀ lórí fáàfù yẹn.

Èyí tó mọ́ gaara náà ní ìtàn tiẹ̀. Àwọn tó ń ta pẹ́ẹ̀nì ló ń gbé e dání kí oníbàárà lè fojú ara ẹ̀ rí bí inú ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní demonstrator nìyẹn. Àfi báwọn oníbàárà ṣe ní èyí tó ń fi inú hàn yẹn gan-an làwọn fẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ti àkọ́kọ́, kí ni kí n wò?

Ẹ wo ìdí ẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o. Bí kókó kan bá wà nídìí pẹ́ẹ̀nì yẹn tó ṣeé yí, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín ikùn kọjá lọ sí apá iwájú, fáàfù nìyẹn. Tí ẹ bá yí i pa, rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá yẹn á dí ọ̀nà tí íńkì ń gbà lọ sẹ́nu pẹ́ẹ̀nì, ìwọ̀nba tó ti wà níwájú nìkan lẹ máa rí fi kọ̀wé. Tí ẹ bá yí i sílẹ̀ bíi 2 mm tàbí 3 mm, ọ̀nà ti là, íńkì á máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí owó yín bá ká a, ẹ má ra èyí tí kò ní fáàfù bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbé pẹ́ẹ̀nì kiri. Èyí tó máa jókòó sórí tábìlì ní tiẹ̀, kò pọn dandan.

Ẹni tí wọ́n mọ̀ jù nídìí oní-fáàfù tó mọ́ gaara báyìí ni Opus 88 ti Taiwan. Èyí tí wọ́n pè ní Demonstrator tóbi dáadáa, níìbù tí iléeṣẹ́ JoWo ti Jámánì ń ṣe, saìsì 6, ló wà lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú lára ẹ̀ ni ọmọrí ẹ̀, ó máa ń gba yíyí púpọ̀ kó tó ṣí, ẹni tó bá fẹ́ sáré kọ nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ á ti gbàgbé nọ́ńbà yẹn kí ọmọrí tó kúrò. Ọmọrí ọ̀hún ò sì ṣeé fi há ìdí pẹ́ẹ̀nì téèyàn bá ń kọ̀wé lọ́wọ́. Èmi ò rí i bí àléébù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn fáàfù, ẹ wò ó bóyá irin wà níbi tí íńkì máa dé. Pẹ́ẹ̀nì mìíràn wà tó rẹwà lójú, àmọ́ irin ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ń wé ara ẹ̀ pọ̀, tàbí kí sípíríǹgì wà nínú ẹ̀, íńkì á sì máa jẹ irin yẹn díẹ̀díẹ̀ títí á fi dógùn-ún, tí ìdọ̀tí ẹ̀ á wá lọ dí ọ̀nà níwájú. Anfààní ẹni tó ń ra èyí tó mọ́ gaara ni pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi pa mọ́ fún un, ẹ gbé e sójú iná kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa. Níìbù nìkan ni irin tí mo fẹ́ kí íńkì kàn, torí pé irin tí kì í dógùn-ún tàbí wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ọwọ́ yín wá ńkọ́? Pẹ́ẹ̀nì tó gùn tó 14 cm tó sì sanra bí àtàǹpàkò, kì í ṣe ọwọ́ gbogbo èèyàn ló gbà á. Ìnira ẹ̀ kì í tiẹ̀ ṣe ìwúwo, torí ike ni, 4 ml íńkì ò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin lọ. Ibi tí ìka ń dì mú ni kẹ́ ẹ wò, tó bá ṣe kúkurú jù, tàbí tí ibi wíwé bá wà níbi tí ìka máa sinmi lé, tó wá mú bí ayùn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára tẹ́ ẹ bá fi máa kọ ojú ìwé mẹ́ta.

Irú ike wo ló dáa?

Akírílíìkì dáa, ó mọ́, ó ń dán, àmọ́ ó kórìíra ọtí líle àti ẹ̀mí ọtí, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kó sán wẹ́wẹ́ níbi téèyàn ò fọkàn sí. Pọlikábónéètì lágbára ju ìyẹn lọ tó bá ṣubú. Ike olówó pọ́ọ́kú kan wà tó le tó sì ń sán bíi gíláàsì, ibi wíwé ló ti máa ń kọ́kọ́ sán, paapaa tí ẹni tó ni ín bá jẹ́ alágbára tó máa ń wé nǹkan bí ẹni tó ń dí táyà. Ẹ wé e débi tó bá dúró, kẹ́ ẹ fi í lẹ̀.

Ṣé mo lè sọ pẹ́ẹ̀nì tí mo ti ní di oní-dírọ́pà?

Ó ṣeé ṣe, mo tiẹ̀ gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn dánra wò kẹ́ ẹ tó náwó ńlá. Preppy tí Platinum ń ṣe ní Jàpáànù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ike ni, ó mọ́ gaara, kò sì wọ́n. Wọn á yọ kátíríìjì kúrò, wọn á fi òrùka rọ́bà kékeré kan sí ibi wíwé, wọn á fi gírísì sílíkóònù pa á, wọn á rọ íńkì sí ikùn ẹ̀ ní tààrà. Kaweco Sport oníke náà ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tóbi.

Èyí tí kò ṣeé ṣe: èyíkéyìí tó ní ihò lára. Lamy Safari ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń wo íńkì, gbangba ni fèrèsé yẹn là sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá rọ íńkì sí i, aṣọ yín ló máa kọ̀wé sí. Àwọn mìíràn sì ní ihò tíńtín nídìí tí ojú ò tètè rí. Oní-irin náà, ẹ fi í lẹ̀, mo ti sọ ìdí ẹ̀ lókè.

Kẹ́ ẹ tó fọkàn tán èyí tẹ́ ẹ fúnra yín ṣe, ẹ rọ omi lásán sí i, kẹ́ ẹ dà á délẹ̀ sórí tíṣù di ọjọ́ kejì. Tí tíṣù bá gbẹ, ẹ kú oríire. Tó bá tutù, omi lásán náà ni, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rọ íńkì sí i láìda gbogbo tábìlì nù?

Ẹ tẹ́ tíṣù, ẹ gbé ọmọrí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ di pẹ́ẹ̀nì mú kí ẹnu ẹ̀ wà lókè, kẹ́ ẹ tú apá iwájú kúrò lára ikùn. Tó bá jẹ́ oní-fáàfù, ẹ kọ́kọ́ ṣí fáàfù, ọ̀pá àárín yẹn lè máa dí yín lọ́wọ́ díẹ̀ àmọ́ kò le. Ẹ wá fa íńkì sínú dírọ́pà, kẹ́ ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ inú ikùn pẹ́ẹ̀nì, kó fara kan ẹ̀gbẹ́ kí íńkì lè máa ṣàn wálẹ̀ jẹ́ẹ́, tẹ́ ẹ bá ń kán an láti òkè á máa ta yọ. Èmi ò kì í lo dírọ́pà tí wọ́n fi sínú páálí pẹ́ẹ̀nì mọ́, sírínjì tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ kò lẹ́nu ṣóńṣó ló dáa jù, ó ń jẹ́ kéèyàn mọ iye ml tó ń wọlé, kì í sì í kán nǹkan nù.

Ẹ má kún un dé ibi wíwé o. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, torí apá iwájú náà máa wọ inú íńkì tẹ́ ẹ bá ń dé e padà, ó sì máa tì í gòkè. Ẹ fi tíṣù nu ibi wíwé, ẹ dé e, ẹ yí i dà kí ẹnu ẹ̀ kọjú sílẹ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan sí méjì kí íńkì fi rìn dé níìbù. Àwọn kan máa ń gbọ̀n ọ́n tí kò bá tètè kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ògiri yín ò ṣẹ̀ yín.

Kí ló dé tí pẹ́ẹ̀nì mi kàn dédé da íńkì sórí ìwé nígbà tí mò ń kọ̀wé lọ́wọ́?

Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ gbogbo èyí, torí pé ẹni tó bá yé ò ní sọ pé pẹ́ẹ̀nì ẹ̀ bàjẹ́ mọ́. Kì í ṣe pé ó ń jò. Ó gùnfẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nínú ikùn pẹ́ẹ̀nì, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, íńkì àti afẹ́fẹ́. Bí ẹ ṣe ń kọ̀wé tí íńkì ń dín kù ni afẹ́fẹ́ ń wọlé rọ́pò ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò dà bí íńkì, tó bá ti gba ooru, ó máa ń wú. Ọwọ́ yín gbóná ju pẹ́ẹ̀nì lọ, ike tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ara ẹ̀, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ooru ọwọ́ yín á ti dé ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ inú, ó wú, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde, àmọ́ ìdí pẹ́ẹ̀nì ló wà lókè, íńkì ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà nísàlẹ̀. Ó ta íńkì jáde. Fíìdì, ìyẹn ike dúdú tó ní ilà wẹ́wẹ́ lábẹ́ níìbù, lè gba díẹ̀ mọ́ra, iṣẹ́ ilà wẹ́wẹ́ yẹn nìyẹn, àmọ́ tí èyí tó ń bọ̀ bá ju agbára ẹ̀ lọ, tó! sórí ìwé.

Ẹ wá rí i pé bí pẹ́ẹ̀nì bá kún, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kéré, kò sí ohun tó máa wú. Bó bá ku ìdá kan nínú mẹ́rin, afẹ́fẹ́ ló gba ikùn ẹ̀ kan, ìgbà yẹn ló máa ń gùnfẹ̀ jù. Bí pẹ́ẹ̀nì bá sì ṣe tóbi tó ni afẹ́fẹ́ tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí kátíríìjì kékeré kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀. Títóbi tí tiwa tóbi tá a torí ẹ̀ rà á, òun náà ló ń fa wàhálà ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ: tó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ rọ òmíràn sí i, ẹ má dúró dìgbà tó bá gbẹ. Tó bá jẹ́ oní-fáàfù, ẹ máa kọ̀wé pẹ̀lú fáàfù pípa, kẹ́ ẹ máa ṣí i fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí àwọ̀ bá ń ṣá, nígbà náà ooru lè ṣe bó ṣe fẹ́ nínú ikùn, kò ní dé ẹnu. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ohun tó gùn gan-an, ẹ lè ṣí i sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ó kún. Tó bá ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀ nínú yàrá tútù, ẹ di ikùn ẹ̀ mú fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹnu ẹ̀ wà lókè, kẹ́ ẹ tó dà á kọ ìwé, afẹ́fẹ́ tó fẹ́ jáde á ti jáde.

Pẹ́ẹ̀nì oní-ẹ́bónáìtì, ìyẹn rọ́bà líle, tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe báyìí, torí pé ẹ́bónáìtì kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá, ara ẹ̀ sì nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí inú ẹ̀, àwa tá a fẹ́ wo íńkì ńkọ́?

Ṣé mo lè fi sápò lọ síbi iṣẹ́?

Tó bá ní fáàfù, tẹ́ ẹ sì pa á, tí ẹnu ẹ̀ sì kọjú sókè, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti fi èyí tí kò ní fáàfù sí àpò àyà rí, ìyẹn ibi tí ooru ara máa ń dé dáadáa, ó sì ti ku díẹ̀ nínú ẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ọmọrí, íńkì ti kún inú ẹ̀, ọwọ́ mi di àwọ̀ elésè àlùkò fún ọjọ́ méjì, aṣọ yẹn ò sì padà bọ̀ sípò. Mo bú ẹni tó ṣe pẹ́ẹ̀nì yẹn dáadáa, kó tó yé mi pé ara mi ló se é.

Nínú ọkọ̀ òfurufú wá ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn náà ni, kì í ṣe ooru ló fà á lọ́tẹ̀ yìí. Tí ọkọ̀ bá ti gòkè, ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń dín kù, ó máa ń dà bí ẹni pé èèyàn wà lórí òkè tó ga tó 1,800 m sí 2,400 m. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú pẹ́ẹ̀nì, ti ilẹ̀ ló ṣì jẹ́, ó sì máa fẹ́ gbòòrò. Ẹ kún un dáadáa tàbí kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ gbẹ, ìlàjì ló léwu. Ẹ pa fáàfù, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ wà lókè, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè, kẹ́ ẹ sì fi sínú ọ̀rá kan tẹ́ ẹ lè dí lẹ́nu. Ẹ má ṣí i lókè lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ máa ṣe fáàrí.

Gírísì wo ni, ṣé mo lè lo Vaseline?

Ẹ má lò ó. Epo ilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe Vaseline, ó lè jẹ́ kí òrùka rọ́bà wú tàbí kó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Sílíkóònù tí kò ní àdàlú ni kẹ́ ẹ wá, irú èyí táwọn tó ń wọ abẹ́ omi máa ń fi pa rọ́bà ohun èlò wọn. Díẹ̀ báyìí, bí orí ìṣáná, ó ti tó yí ibi wíwé ká, ẹ wé e lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kó lè tàn kálẹ̀. Tó bá pọ̀ jù á lọ wọ inú fíìdì, ìyẹn náà á tún di wàhálà torí íńkì kì í gba ibi tí gírísì bá wà kọjá. Oní-fáàfù tó ní òrùka rọ́bà tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í sábà nílò ẹ̀ níbi wíwé, ọ̀pá àárín ló máa ń fẹ́ díẹ̀ tó bá ti ń le láti yí.

Irú íńkì wo ni kí n rọ sí i?

Íńkì fountain pen tó jẹ́ olómi lásán, tí kò nípọn. Ìyẹn ni ìdáhùn kúkurú.

Èyí tó gùn díẹ̀ rèé. Íńkì India, èyí tí wọ́n ń fi ya àwòrán, oje kan tó ń gan wà nínú ẹ̀, á gan mọ́ inú pẹ́ẹ̀nì, ẹ má sún mọ́ ọn. Íńkì tó ní ẹ̀tù àwọ̀, irú bíi Carbon Black ti Platinum, kò burú, omi kì í pa á rẹ́ lórí ìwé, àmọ́ ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́ ló wà fún. Ẹ̀yin ẹ wò ó: 4 ml ni ẹ rọ sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, oṣù mélòó ni íńkì yẹn máa fi jókòó síbẹ̀? Èyí tó ní nǹkan tó ń dán yinrin bíi wúrà, ó lẹ́wà gan-an nínú ike tó mọ́ gaara, téèyàn bá ń yí i dà sọ́tùn-ún sósì bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré, ṣùgbọ́n ìdí ni ó máa ń sùn sí, ó sì máa ń dí fíìdì.

Ẹ má sì dà á pọ̀. Íńkì méjì tó yàtọ̀ lè bá ara wọn jà kó di bíi kókó nínú ikùn, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rọ òmíràn.

Ṣé íńkì ò ní ba ike tó mọ́ gaara jẹ́?

Ó lè pa á láró. Pupa, elésè àlùkò àti àwọn búlúù kan tó mú gan-an ló lórúkọ burúkú nídìí ẹ̀, íńkì Baystate Blue tí iléeṣẹ́ Noodler's ń ṣe ni gbogbo èèyàn mọ̀, ọ̀pọ̀ ike ló máa ń fẹ́ mú láró. Búlúù tó ṣeé fọ̀ kúrò láṣọ, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, kì í sábà dá nǹkan sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pẹ́ẹ̀nì tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Oòrùn náà ń ba íńkì jẹ́ nínú èyí tó mọ́ gaara, á ṣá, nítorí náà kì í ṣe ojú fèrèsé lẹ máa kó o sí.

Íńkì ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ nínú bí òógùn, kì í ṣàn wálẹ̀, ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Rárá. Ike tuntun máa ń ní epo díẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ fi omi àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fọ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa. Ó máa dín kù. Àwọn íńkì kan ṣì máa lẹ̀ ṣá, ìwà wọn nìyẹn.

Níìbù wo ni kí n mú?

Ẹni tó ní íńkì púpọ̀ níkùn lè fi ẹnu ńlá náwó ẹ̀. Èmi fẹ́ràn M (ẹnu tó wà láàárín) tàbí B (ẹnu tó fẹ̀) nínú pẹ́ẹ̀nì báyìí, tàbí stub 1.1 mm tó ń mú kí ilà kan sanra kí èkejì tín-ín-rín, torí kò sí ìbẹ̀rù pé á tètè tán. Tó bá jẹ́ pé ìwé olówó pọ́ọ́kú lẹ ń kọ sí, tí íńkì máa ń tàn kálẹ̀ lórí ẹ̀, ẹ mú F (ẹnu tín-ín-rín) tàbí EF (èyí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ). Ẹ rántí pé F ti àwọn ará Jàpáànù sábà máa ń tín-ín-rín ju F ti Jámánì lọ. Tí níìbù bá jẹ́ saìsì 6 tó ṣeé yọ, ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tìẹ ni, kì í ṣe ìgbéyàwó.

Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́?

Ibí yìí ni oní-dírọ́pà ti gbọ́n ju gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ tú u, ẹ da omi tútù sí ikùn ẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dà á nù, lẹ́ẹ̀mẹta ó ti mọ́. Apá iwájú ni kẹ́ ẹ rẹ sómi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tàbí kẹ́ ẹ fi sírínjì tẹ omi gba inú ẹ̀ kọjá. Tí íńkì bá ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi amóníà ìdá kan sí omi ìdá mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú ẹ̀. Omi gbígbóná ò sí níbẹ̀, ẹ̀mí ọtí ò sí níbẹ̀, méjèèjì ni wọ́n ń ba ike jẹ́. Owú tó wà lórí igi tín-ín-rín, èyí tí wọ́n fi ń nu etí, ló dáa fún àwọ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ inú ìdí ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Pẹ́ẹ̀nì TWSBI ECO náà mọ́ gaara, ó sì ń gba íńkì púpọ̀, ṣé òun náà kọ́ ni?

Òun kọ́. Písítìnì ló wà nínú ìyẹn, ẹ ó ki ẹnu ẹ̀ bọ ìgò, ẹ ó yí ìdí ẹ̀, á fa íńkì fúnra ẹ̀. Ó rọrùn ju dírọ́pà lọ, mi ò ní parọ́ fún yín. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ dídọ̀tí ló ń bà yín lẹ́rù, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà.

Mo máa ń pààrọ̀ àwọ̀ lọ́jọ́ méjì méjì, ṣé ó máa bá mi lára mu?

Kò ní bá yín lára mu. Tẹ́ ẹ bá rọ 4 ml, tí àwọ̀ sú yín lọ́la, ẹ dà á nù ni àbí ẹ fi sírínjì fà á padà? Ìgò íńkì 30 ml, bí ìgbà méje péré ló máa rọ irú pẹ́ẹ̀nì yìí kún. Ẹ lè rọ ìlàjì o, àmọ́ ẹ ti mọ ohun tí ìlàjì ń fà.

Mo fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, nígbà tí mo mú u kò kọ̀wé, nígbà tó sì kọ, àwọ̀ ẹ̀ ti dúdú jù, kí ni kí n ṣe?

Omi inú íńkì ló ti fẹ́ lọ díẹ̀, àwọ̀ ló ṣẹ́kù tó wá ki. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti pa fáàfù, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rẹ ẹnu níìbù sómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi tíṣù nù ún, ẹ tú pẹ́ẹ̀nì, kẹ́ ẹ kán omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì sọ ooru ẹ̀ di omi padà (distilled water), irú èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì, ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta sínú íńkì yẹn. Ẹ dé e, ẹ dà á síwá sẹ́yìn jẹ́ẹ́, ẹ wo bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe rí lórí ìwé. Tó bá ń rùn, tàbí tẹ́ ẹ rí ohun tó dà bí òwú tó ń léfòó nínú ẹ̀, èébu ni, ìyẹn ni pé ó ti bu, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù kẹ́ ẹ fọ pẹ́ẹ̀nì náà tinú tòde, kẹ́ ẹ sì yẹ ìgò íńkì tẹ́ ẹ ti bù ú wò kẹ́ ẹ tó rọ òmíràn.